Ẹyẹ Kẹtàdínlọ́gọ́fà

Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, kannakánná ló ṣí ìwé.
Aune Kemilä kọ ọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná:
ọjọ́, aago, ibi tó bà sí,
orí garawa ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń nulẹ̀.
Ẹyẹ yẹpẹrẹ. Kò burú.
Ẹni tó fẹ́ ka ọgọ́fà, ẹyọ kan ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó gbé dání kì í ṣe òkò.
Kámẹ́rà àlòkù ni, ó rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ní Oulu,
bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti yọ, ó fi téèpù dì í.
Òfin tó fi de ara rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ:
ohun tí kò bá sí nínú fọ́tò
kò gbọdọ̀ sí nínú ìwé.
Reijo, àbúrò rẹ̀, rẹ́rìn-ín: "Ta ló fẹ́ wá yẹ̀ ọ́ wò?"
Kò dá a lóhùn. Ó ń nu ojú kámẹ́rà.

Oṣù Èrèlé, adágún dì gbagidi,
ọkọ̀ akẹ́rù ń gba orí omi kọjá.
Ológoṣẹ́ díẹ̀. Àkókó kan
tó ń kan òpó iná gbàgbàgbà
bí ológò tó dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè.

Oṣù Igbe ni yìnyín fọ́,
tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́,
ohùn wọn bí ilẹ̀kùn irin tí kò rí epo rí.
Joutsen tẹ̀ lé wọn, funfun, ọlọ́rùn gígùn,
ó ń rìn lórí ẹrẹ̀ bí ìyàwó tó wọ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀.

Ó ya àlàpáǹdẹ̀dẹ̀ nígbà mẹ́rìndínlógún
nínú ilé tí Reijo ń gbé ọkọ̀ ojú omi sí.
Ìrù ló bá. Ìrù. Ògiri. Ìrù.
Lẹ́yìn náà ẹyẹ náà bà sórí okùn aṣọ, ó sinmi.
Mo mọ ibì kan tó lè ti bọ̀.
Ó ní orúkọ níbẹ̀, olóhùn gígùn, tí Aune kò ní gbọ́ láé.

Oṣù Òkúdù, oòrùn kọ̀, kò wọ̀.
Aago méjì òru, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín ìfèéfèé,
ẹ̀fọn ń jẹ ọrùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbá a.
Ogójì ẹyẹ nínú oṣù kan!
Ìgbà tí Ọ̀wàrà fi máa parí, gbogbo wọn ti lọ láìdágbére.
Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀pẹ,
ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Òwìwí wà lórí àmì ojú ọ̀nà,
aláwọ̀ eérú, orí rẹ̀ tó igbá,
ojú méjèèjì bí pupa ẹyin.
Nílé wa, wọ́n ní kí ọmọdé má wo ẹyẹ yìí lójú.
Aune bọ́ ìbọ̀wọ́.
Kámẹ́rà tan iná pupa kékeré kan, ó kú.
Òtútù ti pa bátìrì.
Ó yọ ọ́, ó fi há abíyá, ó dúró.
Òwìwí náà dúró.
Ó yí orí pátápátá, bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn,
ó sì dá a padà sọ́dọ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́.
Ìgbà tí bátìrì fi móoru,
àmì ojú ọ̀nà ló kù, àti yìnyín tó ń gbọ̀n sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀. Ó kọ ọjọ́, ó kọ aago,
òtútù: méjìlélógún lábẹ́ òdo.
Ibi orúkọ, ó fi í sílẹ̀ lófìfo.

Èdè mi mọ ìṣirò yìí tipẹ́:
mẹ́tàdínlọ́gọ́fà,
ohun tó dín la fi ń pe ohun tó wà.

Alẹ́ àìsùn ọdún tuntun, Reijo fi ìka tọ ìwé náà wálẹ̀.
"Kí lèyí?"
"Èyí tí mo rí."
"Kọ orúkọ ẹ̀ nígbà náà."
"Mi ò ní fọ́tò."
Ó wò ó títí. Ó dìde, ó lọ gbé kọfí kaná.